Ìlù Irin Ilẹ̀ Trinidad

Lọ́dọọdún ni àwọn àlejò ń wọ́ lọ sí erékùṣù Trinidad. Wọn a wẹ̀ létí òkun Maracas, wọn a wo àwọn ẹyẹ pupa fòò tí ń wọ̀ sí irà Caroni lálẹ́. Ṣùgbọ́n ìlù irin ọdún Kánífà ni ọ̀pọ̀ wọn bá lọ, wọn kò sì mọ̀ pé òfin ìkà ni ó bí i.

Àwọn ẹrú tí wọ́n gba òmìnira pátápátá ní 1838 àti ìran wọn ni wọ́n sọ Kánífà di tiwọn. Ní 1881, àwọn ọlọ́pàá dojú ìjà kọ wọ́n ní Port of Spain. Ọ̀pá ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Ní 1884, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dí ìlù awọ lọ́wọ́. Ọparun ni wọ́n wá ń gé, tí wọ́n ń gún mọ́lẹ̀ kí ó lè fọhùn. Láàárín 1930 sí 1950, àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn ọlọ́lá ń pè ní ọmọ ìta bẹ̀rẹ̀ sí lu agolo, lẹ́yìn náà àgbá epo (ilẹ̀ elépo ni Trinidad, bí i Nàìjíríà), wọ́n fi òòlù lù ú títí orin fi jáde lójú rẹ̀.

Ní 1951, ẹgbẹ́ TASPO lọ lù ú ní London, níbi àjọ̀dún àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Ní 1992, ìjọba Trinidad kéde rẹ̀ ní ohun èlò orin orílẹ̀-èdè náà.