Evelyn Dove: Ohùn Tí Ayé Gbọ́, Tí Ayé Sì Gbàgbé

  Ìlobù ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, nínú yàrá tí màmá àgbà mi gbé nígbà ayé wọn.

Màmá àgbà mi ní ohùn. Àwọn ni wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọge àdúgbò wa ní ẹkún ìyàwó nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó bá ń sún mọ́lé. Bí wọ́n bá gbé e, àwọn ọkùnrin tó ń ṣe bí akíkanjú á máa fọgbọ́n nu ojú. Nígbà tí wọ́n kú, mo tú inú fóònù mi wò. Fọ́tò wọn wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Fídíò ibi tí wọ́n ti ń jó náà wà, ṣùgbọ́n orin DJ ti bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sun ẹkún ìyàwó, ìṣẹ́jú kan péré, kò sí. Èmi tó jẹ́ pé gbígba ohùn ènìyàn sílẹ̀ ni mo fi ń jẹun!

Ọgbẹ́ yìí ṣì wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ka ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Evelyn Dove. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Èmi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 11 oṣù January, 1902. Òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Francis Dove, jẹ́ lọ́yà, ọmọ Sierra Leone. Freetown tó jẹ́ olú ìlú Sierra Leone yìí kò jìnnà sí ìtàn wa o. Ibẹ̀ ni wọ́n kó Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoògùn, lọ ní 1822 lẹ́yìn tí wọ́n gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn tó ń kó ẹrú, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá mìíràn ló sì gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ di ará ibẹ̀. Mabel Dove, ọmọ bàbá Evelyn, di akọ̀ròyìn ní Gold Coast tí a ń pè ní Ghana lónìí, wọ́n sì dìbò yàn án sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin níbẹ̀ ní 1954.

Evelyn ní tirẹ̀, orin ló yàn. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Royal Academy of Music ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1917 sí 1919, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà. Ohun tó fẹ́ ni kó máa kọ orin kíláásíkà nínú gbọ̀ngàn ńláńlá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ibẹ̀ kò ṣí fún obìnrin aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Ibi tó ṣí ni orin jáàsì àti kílọ́ọ̀bù alẹ́. Ibẹ̀ ló gbà wọlé.

Díẹ̀ ló kù kí ìtàn náà parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù October 1921, ẹgbẹ́ olórin tó wà, Southern Syncopated Orchestra, wọ ọkọ̀ ojú omi SS Rowan láti Glasgow, wọ́n ń lọ sí Ireland. Ọkọ̀ mìíràn kọ lù wọ́n lórí òkun, ọkọ̀ wọn sì rì. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà bómi lọ. Wọ́n yọ Evelyn láàyè. Ọmọ ọdún 19 ni.

Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan. Ó bá ẹgbẹ́ eléré Chocolate Kiddies kiri ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n dé Rọ́ṣíà. Ní 1932, nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa rọ́pò Josephine Baker ní Casino de Paris, Evelyn ni wọ́n gbé síbẹ̀. Josephine Baker yìí ni ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó gba gbogbo ìlú Paris lọ́kàn, nítorí náà kì í ṣe ipò tí wọ́n ń fún ọmọ kékeré. Ní 1936, ó kọrin ní kílọ́ọ̀bù Connie's Inn ní New York. Ní 1937, ó ti dé Bombay ní Íńdíà.

Nígbà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, rédíò BBC ló gbé ohùn rẹ̀ wọlé àwọn ènìyàn. Láti 1945 sí 1947, òun àti Edric Connor, ọmọ Trinidad, jọ ń ṣe ètò orin kan tó ń jẹ́ Serenade in Sepia. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n gbé e dé orí tẹlifíṣàn ní 1946.

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Tẹlifíṣàn ọdún náà, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ló ń lọ. Wọn kì í gbà á sílẹ̀. O bá a lórí afẹ́fẹ́, o gbọ́. O ò bá a, ó di àwátì.

Lẹ́yìn náà iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Ní 1951, nínú eré South Pacific ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni wọ́n fi ṣe adèlé, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn ìtàgé bóyá ara ẹni tó ni ipò kò ní yá. Nígbà tó di 1955, ó wá iṣẹ́ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti máa so àwọn ènìyàn pọ̀ lórí tẹlifóònù, ó sì kọ lẹ́tà sí BBC pé kí wọ́n jẹ́rìí sóun. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó rọ́pò Josephine Baker, ní ẹni ọdún 53, ń wá iṣẹ́ "ẹ dúró díẹ̀, mò ń so yín pọ̀."

Ó ṣì rí ipa díẹ̀díẹ̀ nínú eré lẹ́yìn ìyẹn. Ní 1958 ó wà nínú Simply Heavenly, eré tí Langston Hughes kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kú ní Epsom, ní oṣù March 1987, lẹ́ni ọdún 85, ayé ti gbàgbé rẹ̀ tipẹ́.

Òpìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Stephen Bourne, ló wá ìtàn rẹ̀ kiri, ó sì fi ṣe ìwé ní 2016. Ní ọjọ́ 11 oṣù January, 2019, Google ya àwòrán rẹ̀ sí ojú ewé wọn láti fi ṣàmì ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí ni pé ìtàn lẹ́tà tó fi wá iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn alẹ́ tó fi kọrin lórí tẹlifíṣàn kò dé.

Ayé ìgbà Evelyn ní àwíjàre, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kò tíì pọ̀. Èmi ò ní. Ẹ̀rọ náà wà lápò mi lójoojúmọ́, pàápàá lọ́jọ́ tí mo jókòó ti màmá àgbà, tí mò ń wo fídíò ẹlẹ́yà.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá ìyá kan níbí tí màmá àgbà kọ́ ní ẹkún ìyàwó nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ohùn àwọn ti gbó. Mo ní kò burú, ẹ gbé e bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wá gbé e. Níbi kan, wọ́n fa ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n wá já a lójijì. Ara mi bù máṣọ. Bí màmá àgbà ṣe máa ń já a nìyẹn.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo gbà sílẹ̀. Mi ò ní gbé e sórí ètò yìí, nítorí wọ́n ní ti ẹbí ni. Ṣùgbọ́n ó wà ní ibi mẹ́ta báyìí, títí dórí fóònù àbúrò mi.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Kẹ́ ẹ tó ṣí èyí tó kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ìyá àgbà yín.