Ọmọ Tó Bá Ọkọ̀ Onítíátà Lọ

Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ Lighter Terminal kọjá ní Kirikiri, tírélà àti táńkà epo ló máa kún ojú rẹ̀. Bí mo bá wá sọ fún un pé ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé táálì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ka àpò sìmẹ́ńtì níbẹ̀ ti jẹ́ òṣèré rí, yóò ní irọ́ ni mò ń pa. Irọ́ kọ́ o. Àbúrò bàbá mi ni. Bùrọ̀dá ni gbogbo ilé ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe máa pè é níbí. Ọmọ ọdún 17 ni lọ́dún 1976, nígbà tó fi ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ sílẹ̀ tó bá ọkọ̀ onítíátà lọ. Eré Kérésì tí wọ́n ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ti bá wọn kópa rí.

Kó má baà dà bí ẹni pé orí ọmọ náà dàrú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe bẹ̀rẹ̀. Hubert Ògúńdé, ọmọ Òṣoṣà, ọlọ́pàá ni. Ní 1944 ó ṣe eré kan fún ṣọ́ọ̀ṣì ní Glover Hall l'Ékòó, àwọn èèyàn sì gba tiẹ̀ débi pé ní 1945 ó kọ iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá African Music Research Party sílẹ̀. Ta ló máa bá a ṣeré? Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tíátà kankan nílẹ̀ yìí nígbà náà. Nígbà tó fẹ́ ṣe Tiger's Empire ní 1946, ó polówó pé òun ń wá àwọn obìnrin tí òun yóò máa sanwó fún láti ṣeré. Ojú ò rí irú ẹ̀ rí! Òbí wo ló máa gbà kí ọmọbìnrin òun máa jó kiri ìlú? Lójú wọn, alágbe àti onítíátà, Táyé-Kẹ́hìndé ni. Àwọn tó sì wá, ẹ̀rù ń bà á pé bí wọ́n bá mọ iṣẹ́ tán, wọ́n á lọ sílé ọkọ. Ni Ògúńdé bá kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọn. Àwọn kan fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n èmi rí ọgbọ́n oníṣẹ́ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ létí ìyàwó mi.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Oyin Adéjọbí, Dúró Ládípọ̀, Akin Ògúngbè, Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, àti àwọn mìíràn. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989, ẹgbẹ́ onítíátà ilẹ̀ Yorùbá ti lé ní 100. Gbogbo wọn ló sì ń wá ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ ronú sí i: àádọ́ta ìlú lẹ́ẹ̀kan, ẹrù, pákó, aṣọ, iná, tíkẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹnu.

Wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ ní ìwé eré. Ọ̀gá á sọ ìtàn fún wọn, á ní ìwọ lọba, ìwọ lolorì, ìwọ lọ̀tá, oníkálùkù á sì wá ọ̀rọ̀ sẹ́nu. (Ti Dúró Ládípọ̀ yàtọ̀, nítorí ewì àti oríkì inú Ọba Kò So kì í ṣe ohun téèyàn ń dá sọ bó ṣe wù ú.) Ẹni tuntun á máa gbé ẹrù, á máa bá wọn jó nínú opening glee, á sì máa wò. Ọdún díẹ̀ ni wọ́n fi ń wò bẹ́ẹ̀. Jimoh Aliu wà lọ́dọ̀ Akin Ògúngbè láti 1959 títí di 1966 kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀. Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, wà lọ́dọ̀ Bàbá Sàlá láti 1966 di 1971. Nígbà tí Òjó Ládípọ̀, Bàbá Mẹ́rò, kú ní 1978, Adébáyọ̀ Sàlámì tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gba àkóso. Àwọn bíi Jídé Kòsọ́kọ́, tó ti ṣeré nínú Mákanjúọlá lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1964, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 10, orí ló gbé wọn gba ọ̀nà àbùjá.

Bùrọ̀dá ò rí ọ̀nà àbùjá. Ọkọ̀ onítíátà kan wá polówó eré l'Ájégúnlẹ̀, gbohùngbohùn wà lórí rẹ̀. Láti Boundary ló ti ń sá tẹ̀lé e títí tó fi dúró. Ó wólẹ̀ síwájú ọ̀gá.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí lo lè ṣe?”

“Gbogbo nǹkan ni, sà.”

“Ó dáa. Gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn.”

Ìdánwò tó ṣe wọlé nìyẹn. Bàbá àgbà, tó jẹ́ káfíńtà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni, kó lè san owó ilé-ìwé rẹ̀ fún ọdún yẹn.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni Bùrọ̀dá fi gbé jẹnẹrétọ̀. Ó kan pákó, ó ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó lọ aṣọ ọba. Owó oṣù? Bó bá wọlé, wọ́n á fún un ní díẹ̀. Bí òjò bá lé èrò, gààrí ni gbogbo wọn á jọ mu. Ṣùgbọ́n alaalẹ́ ló ń dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, tó fi di pé ó mọ ọ̀rọ̀ gbogbo wọn sórí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ibà dá ẹni tó ń ṣe ẹmẹsẹ̀ ọba dùbúlẹ̀. Wọ́n ti Bùrọ̀dá síta. Gbólóhùn kan péré ló ní: “Kábíyèsí, wọ́n ti dé.” Ó sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ó yẹ kó wọlé padà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Iná mọ́lẹ̀, èrò ń wò ó, ó dúró bí ère. Ọ̀gá tó wà lórí ìtẹ́ wò ó títí, ó ní, “Ṣé o fẹ́ bá mi jókòó síbí ni?” Ilé wó fún ẹ̀rín. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹ́ kí ẹmẹsẹ̀ yẹn tètè wọlé mọ́. Àṣìṣe ti di ara eré. Bí eré àwọn alárìnkiri ṣe máa ń dàgbà nìyẹn, alẹ́ kan lé òmíràn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, eré náà wá sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan l'Ájégúnlẹ̀. Bàbá àgbà gbọ́. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi gbogbo èèyàn, ó jókòó síwájú. Bùrọ̀dá jáde, ó sọ gbólóhùn rẹ̀, ó dúró. Ọ̀gá ní, “Ṣé o fẹ́ bá mi jókòó síbí ni?”

Bàbá àgbà dìde. “Rárá o, Kábíyèsí. Ilé ló ń lọ!”

Èrò fẹ́rẹ̀ẹ́ ya gbọ̀ngàn. Wọ́n rò pé ó wà lára àwọn òṣèré ni. Bàbá gun orí ìtàgé, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ọ̀gá ò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n ó wojú àwọn méjèèjì, ó sì yé e. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún káfíńtà, adé orí rẹ̀ sì yí lọ sílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí wọ́n fi jáde sójú títì.

Bùrọ̀dá padà sílé-ìwé, ó ṣe tán, ó sì ríṣẹ́ ní Kirikiri. Ẹ rántí pé ní 1975, sìmẹ́ńtì tí ìjọba rà lókè òkun pọ̀ débi pé ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 tò síta l'Ékòó tí wọn ò ríbi gúnlẹ̀ sí. Lẹ́yìn ìdààmú yẹn ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island ní 1977, tí wọ́n sì ṣètò ibùdó ti Kirikiri fún làítà, ìyẹn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń gba ẹrù lára ọkọ̀ ńlá wá sétí omi. Níbẹ̀ ló ti ń ka àpò, tí tíátà alárìnkiri sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: owó epo àti páàtì ọkọ̀ lọ sókè, ẹ̀rù olè ò jẹ́ kéèyàn jáde lálẹ́, fídíò sì dé.

Lọ́jọ́ kan, mo bi í léèrè bóyá inú ṣì ń bí i sí Bàbá. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tó yá ó rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ ò kúkú sí níbẹ̀,” ló wí. “Oṣù mẹ́fà ni mo fi gbé jẹnẹrétọ̀ kí n tó rí gbólóhùn kan sọ. Bàbá dìde lórí ìjókòó, kò ṣe ìdánrawò kankan, ó sì gba gbogbo èrò mọ́ mi lọ́wọ́.”