Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń falẹ̀ nínú ilé: ohun tó yẹ kí onílé kọ́kọ́ wò

Ọjà Òjé n'Ìbàdàn lókìkí fún aṣọ òkè. Lóde òní, oníbàárà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní láti dé ọjà kó tó mọ bí ẹtù tàbí sányán ti rí. Àwòrán àti fídíò orí fóònù ni yóò fi yan èyí tó wù ú. Bí fídíò náà bá kọ̀ tí kò lọ, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni owó yóò gbà lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì máa ń ṣe ni pé wọ́n á tún sáré ra dátà sí i. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá. Dátà dà bí omi inú akèǹgbè, ìyára sì dà bí ọrùn rẹ̀: bó ti wù kí omi pọ̀ tó, bí ọrùn bá há, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jáde.

Ibi mẹ́ta tí ìdíwọ́ ti lè wá

Èkíní ni abẹ́ òkun. Àwọn okùn bíi SAT-3, MainOne àti Glo-1 gúnlẹ̀ sí Èkó. Láti Èkó ni okùn orí ilẹ̀ ti ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn mẹ́rin, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, ó sì ni àwọn báńkì Nàìjíríà lára. Irú èyí kọjá agbára onílé.

Èkejì ni àárín òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ilé. Gbogbo aládùúgbò ló jọ ń pín agbára òpó kan. Nígbà tí èrò bá pọ̀ lórí rẹ̀ lálẹ́, ìpín oníkálukú á dínkù. Òkè náà a sì máa dí ìgbì rédíò lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn kún fún òkè.

Ẹ̀kẹta ni inú ilé. Ògiri amọ̀ tó nípọn, bí irú èyí tó wà ní àwọn agbo ilé àtijọ́, máa ń mú ìgbì rẹ̀wẹ̀sì. Páànù òrùlé a sì máa dá a padà.

Bí a ṣe ń wádìí rẹ̀

Kí onílé lọ sí Fast.com tàbí Speedtest láàárọ̀ kùtù, kó tún lọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kó ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, kó sì tún ṣe é nínú yàrá. Àyẹ̀wò yìí ń jẹ dátà, nítorí náà kò yẹ kó pọ̀ jù. Bó bá yá láàárọ̀ tó falẹ̀ lálẹ́, èrò ló pọ̀ lórí òpó. Bó bá yá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà tó falẹ̀ nínú yàrá, ògiri ni. Bó bá falẹ̀ níbi gbogbo nígbà gbogbo, ó ṣeé ṣe kí ìgbì tó ń wọlé má lágbára, tàbí kí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́.

Mẹ́gábíìtì (Mbps) ni wọ́n fi ń wọn ìyára; mẹ́jọ rẹ̀ ló jẹ́ mẹ́gábáìtì (MB) kan. Lórí ìlà tó jẹ́ Mbps 10, fídíò MB 100 yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 80.

Àtúnṣe tí kò ná onílé lówó

Kí a gbé ráútà tàbí máífáì sí ibi gíga lẹ́bàá fèrèsé, kó jìnnà sí irin. Ọ̀pọ̀ ráútà ní ìgbì méjì: 2.4 GHz ń la ògiri kọjá dáadáa. 5 GHz yára jù, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà. Kí a yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà bí aládùúgbò bá ti mọ̀ ọ́n. Fídíò ńlá, kí a fi ránṣẹ́ láàárọ̀ kùtù.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, kí onílé fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ tó ń lò, kó sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí wọn kò bá dáhùn, àjọ NCC ń gba ẹ̀sùn lórí nọ́ńbà 622. Ìwé tí a kọ ọjọ́, aago àti iye ìyára sí ni yóò jẹ́ ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.