Bẹ́líìtì Ọkọ̀: Bí Ó Ṣe Dé, àti Ìdí Tó Fi Pẹ́ Kí A Tó Gbà Á

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1959, ọkọ̀ Volvo kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní PV544, dé ọwọ́ ẹni tó ń ta ọkọ̀ ní ìlú Kristianstad, lápá gúúsù orílẹ̀-èdè Sweden. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kò ní rí ohun tuntun kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi ìjókòó iwájú, okùn fífẹ̀ kan wà tó gba àyà kọjá, tó tún gba ìbàdí kọjá, tí ènìyàn á sì fi ọwọ́ kan há mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe jáde tà tòun ti bẹ́líìtì tó di ènìyàn mú níbi mẹ́ta. Bẹ́líìtì tó wà nínú ọkọ̀ rẹ lónìí, ì báà jẹ́ Corolla tòkunbọ̀ tàbí jíìpù tuntun, ọmọ bíbí inú èyí ni. Láti ìgbà náà, díẹ̀ ni wọ́n tún un ṣe. Ohun tó gba àkókò gan-an ni kí àwa tí a ń jókòó sínú ọkọ̀ tó gbà láti dè é, ibẹ̀ sì ni ìtàn yìí ti dùn ún sọ, tó sì tún dun ni.

Bẹ́líìtì kì í ṣe ọmọ ọkọ̀ ilẹ̀. Ní ọdún 1885, Edward Claghorn ti New York gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí bẹ́líìtì kan tó ní ìkọ́, èyí tí ènìyàn lè fi so ara rẹ̀ mọ́ ohun tí kò lè yẹ̀. Ní ọdún 1910, Benjamin Foulois, ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù tí àwọn arákùnrin Wright ṣe, ní San Antonio ní ìpínlẹ̀ Texas. Bàálù náà ń jù ú sókè lórí ìjókòó débi pé díẹ̀ ló kù kó já bọ́. Ó tọ oníṣẹ́ awọ tó ń ṣe gàárì ẹṣin lọ, ó ní kó gé okùn awọ kan fún òun, òun ló sì fi di ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó. Kò pẹ́ tí bẹ́líìtì fi di ohun tí kò ṣàjèjì sí àwọn awa-bàálù.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ilẹ̀ kò yá sí i bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí oníbàárà bá rí bẹ́líìtì nínú ọkọ̀, yóò rò pé ọkọ̀ náà léwu. Nash fi sínú àwọn ọkọ̀ kan ní ọdún 1949, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò sì fẹ́ rí i. Ford náà gbìyànjú rẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ọdún 1956, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa fi owó kún owó rà á. Bẹ́líìtì ìgbà yẹn gan-an kò pé: ìbàdí nìkan ni èyí tó pọ̀ jù ń dì. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, àyà àti orí á ṣì fò síwájú, okùn á sì rì sínú ikùn.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí ni dókítà kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, John Paul Stapp. Ó fẹ́ mọ ibi tí agbára ara ènìyàn dé bí nǹkan tó ń sáré bá dúró lójijì. Dípò kó rán ẹlòmíràn, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní ibùdó Holloman ní New Mexico, wọ́n dì í mọ́ ìjókòó kan tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń tì lórí irin. Ó sáré dé 1,017 kìlómítà ní wákàtí kan, ó sì dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀. Ìwọ̀n tó tẹ ara rẹ̀ ju ìlọ́po 46 ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, kò sì ríran fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yè é, ojú rẹ̀ sì là. Stapp tún ṣàkíyèsí ohun kan tó yẹ kó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu: àwọn awa-bàálù wọn tí ìjàm̀bá ọkọ̀ ilẹ̀ ń pa pọ̀ ju àwọn tí ìjàm̀bá bàálù ń pa lọ. Láti ìgbà náà ni kò ti dákẹ́ mọ́ lórí bẹ́líìtì ọkọ̀.

Ohun tí ìdánwò rẹ̀ fi hàn kò ṣòro láti mọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ náà ń sáré 80. Bí ọkọ̀ bá kọlu igi, ọkọ̀ ni igi dá dúró, kò tíì dá ẹni tó jókòó dúró. Onítọ̀hún á máa lọ síwájú pẹ̀lú eré kan náà títí nǹkan mìíràn á fi dá a dúró: sítíárìn, gíláàsì, tàbí ilẹ̀ títì. Iṣẹ́ bẹ́líìtì ni láti so ènìyàn mọ́ ọkọ̀ kí àwọn méjèèjì jọ dúró, kó sì tan agbára ìdúró náà ká àwọn egungun tó lè gbà á: egungun ìbàdí, egungun èjìká àti igbá-àyà. Bí bẹ́líìtì bá wà lórí ikùn rírọ̀, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́.

Níbí ni Nils Bohlin, ẹni tó ṣe bẹ́líìtì Volvo náà, ti wọlé. Ní Härnösand ní Sweden ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1920. Kó tó dé Volvo ní ọdún 1958, ilé-iṣẹ́ Saab ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń ṣètò ìjókòó tó ń ju awa-bàálù jáde nígbà tí bàálù bá fẹ́ já. Ó mọ gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà di ènìyàn mọ́ ìjókòó. Ṣùgbọ́n ó tètè rí i pé àwọn tó ń lọ sọ́jà àti ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí awa-bàálù. Bohlin sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé awa-bàálù á gbà láti wọ ohunkóhun tó bá máa dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ará ìlú tó wà nínú ọkọ̀ kò fẹ́ ìnira ìṣẹ́jú kan. Lójú tèmi, òye yìí ló ga jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń wá bẹ́líìtì tó lágbára jù. Òun ń wá èyí tí ènìyàn á gbà láti lò.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pa okùn ìbàdí àti okùn àyà pọ̀. Àwọn méjèèjì pàdé nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, wọ́n sì ya bí lẹ́tà V tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀, nítorí náà kì í yẹ̀ bí wọ́n bá fà á. Ibi tí a ti ń há a kúrò lórí ikùn, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ kan ló tó láti fi dè é, kò gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá lórí rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1962.

Volvo ìbá ti fi ìwé náà di olówó rẹpẹtẹ, kí gbogbo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ láyé máa san owó fún un. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Nínú ìtàn iṣẹ́ ọkọ̀, mi ò mọ ìwà ọmọlúàbí kan tó ju èyí lọ. Ní ọdún 1967, Bohlin gbé àbájáde ìwádìí lórí ìjàm̀bá 28,000 ní Sweden kalẹ̀. Àwọn tí kò de bẹ́líìtì kú nínú ìjàm̀bá eré díẹ̀ àti ti eré púpọ̀. Nínú àwọn tó dè é, kò sí ẹnì kan tó kú nígbà tí eré kò tó nǹkan bí 96 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ̀rí ti délẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí nìkan kò mú àwọn ènìyàn dè é.

Amẹ́ríkà ló gba ọ̀nà tó le jù láti mú wọn dè é, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni wọ́n sì gbà. Kọ́kọ́rọ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Láyé àtijọ́, irin ni awakọ̀ máa ń fi yí ẹ́ńjìnì láti iwájú ọkọ̀, irin náà a sì máa ta padà kó dá ènìyàn lápá. Charles Kettering ló ṣe ẹ̀rọ iná tó ń jí ẹ́ńjìnì, ó sì wà nínú Cadillac ọdún 1912. Síbẹ̀, bọ́tìnì ni àwọn awakọ̀ ń tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Chrysler fi jẹ́ kí yíyí kọ́kọ́rọ́ nìkan máa jí ẹ́ńjìnì ní ọdún 1949. Nínú àwọn ọkọ̀ ọdún 1969, GM tún fi kún iṣẹ́ rẹ̀ pé kó máa ti sítíárìn pa kí olè má baà gbé ọkọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ṣì ń rìn.

Òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1968 pé kí ọkọ̀ tuntun ní bẹ́líìtì, lẹ́yìn ariwo tí ìwé tí Ralph Nader kọ lórí ewu ọkọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1965. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dè é kò pọ̀. Ni ìjọba bá pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ọdún 1974 má ṣe jí, bó ti wù kí a yí kọ́kọ́rọ́ tó, àyàfi bí àwọn tó wà níwájú bá ti de bẹ́líìtì. Inú bí àwọn ènìyàn gidigidi. Ẹlòmíràn gbé ẹrù ọjà sórí ìjókòó, ọkọ̀ rò pé ènìyàn ni, ó sì kọ̀ láti jí. Kí ọdún náà tó parí, ilé aṣòfin ti fi òfin mìíràn pa ètò náà rẹ́, wọ́n sì ní ariwo ìkìlọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 8 lọ. Ó dùn mí nígbàkígbà tí mo bá ronú kàn án, nítorí àwọn tó kú lẹ́yìn ìgbà náà láìde bẹ́líìtì kò lóǹkà.

Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ ni ti Victoria ní Ọsirélíà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1970, òun ló kọ́kọ́ ṣòfin pé ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ de bẹ́líìtì, tí yóò sì san owó ìtanràn bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. New York tẹ̀lé e ní ìparí ọdún 1984, òun àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di dandan fún àwọn tó wà níwájú ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1983, ó sì di ọdún 1991 kó tó kan àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn. Báàgì afẹ́fẹ́, èyí tó ń wú jáde láti inú sítíárìn, dé lẹ́yìn bẹ́líìtì, kì í ṣe arọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò bá de bẹ́líìtì lè ti sún mọ́ ọn jù kó tó wú tán, báàgì tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ á sì ṣe é léṣe.

Ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ló ṣíwájú, pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó dá sílẹ̀ ní ọdún 1977. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀ nígbà náà, wà lára àwọn tó sapá sí iṣẹ́ náà, nítorí bí ìjàm̀bá ojú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ṣe ń pa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1988, Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́ rẹ̀. Lónìí, bẹ́líìtì jẹ́ òfin ní gbogbo ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń pa á mọ́. Awakọ̀ á rí àwọn ẹ̀ṣọ́ lókèèrè, á fa bẹ́líìtì kọ́ èjìká láìhá a, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ bó bá ti kọjá wọn. Nínú dáńfó, níbi tí wọ́n ti jó bẹ́ǹṣì irin mọ́lẹ̀, àwọn èrò ẹ̀yìn kò rí bẹ́líìtì kankan dè. Nínú ọkọ̀ ilé, ìyá á gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ níwájú, nígbà tó jẹ́ pé kò sí apá tó lè di ọmọ mú bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan.

Bí o bá ní ọkọ̀, pàápàá tòkunbọ̀, yẹ bẹ́líìtì rẹ̀ wò lónìí. Fà á lójijì: ó yẹ kó há. Jọ̀wọ́ rẹ̀: ó yẹ kó ká padà fúnra rẹ̀. Fa gbogbo rẹ̀ jáde, kí o wò ó bóyá ó ti ya tàbí ó ti hu. Bẹ́líìtì tó ti di ènìyàn mú nínú ìjàm̀bá ńlá kan rí ti lo agbára rẹ̀ tán, ó sì yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bi ẹni tó ta ọkọ̀ fún ọ, kí o sì jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí iná báàgì afẹ́fẹ́ bá ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù láìkú, ẹ má fi nǹkan bò ó. Kí aláboyún fi okùn ìsàlẹ̀ sábẹ́ ikùn, lórí egungun ìbàdí, kó sì jẹ́ kí tòkè gba àárín ọmú kọjá. Kí ọmọdé jókòó sẹ́yìn, nínú ìjókòó tó bá ara rẹ̀ mu. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń jókòó sẹ́yìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dè é: ẹni tí kò de tirẹ̀ lẹ́yìn lè fi ara rẹ̀ pa ẹni tó de tirẹ̀ níwájú.