Kọ́ṣẹ́, Kàwé, Ṣiṣẹ́: Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa àti Òfin Ìlú Ọba

Yorùbá kò mọ ògiri sáàárín iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ wa yìí: kọ́ṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n bá mú lọ sọ́dọ̀ télọ̀ á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á lọ ra bọ́tìnnì, á máa rán etí aṣọ oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kọ́ṣẹ́ lọ títí di ọjọ́ tí yóò ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Kò sẹ́ni tí yóò bi í pé, "Wákàtí mélòó lo fi ránṣọ lọ́sẹ̀ yìí?" Àmọ́ bí ọmọ yìí kan náà bá gba físà láti lọ kàwé ní Ìlú Ọba, ìbéèrè yẹn gan-an ni òfin máa bi í. Àṣẹ ìkàwé lọ́tọ̀, àṣẹ iṣẹ́ lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo ń kọ èyí nítorí gbólóhùn kan tó gbòde ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa: "Tí n bá ti débẹ̀, màá ṣiṣẹ́ san owó ilé-ìwé tó kù." Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́ o. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ta ilẹ̀ nítorí gbólóhùn yẹn. Ó sì ní ìtàn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní 1922, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Òun ló sọ èdè Yorùbá lórí rédíò níbẹ̀ ní 1924, nítorí náà àwa tí à ń kọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ní 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright ará Sierra Leone dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso kò nílò ìwé àṣẹ iṣẹ́ kankan. Òfin kò dí i lọ́nà. Àwọ̀ ara rẹ̀ ló dí i. Onílé á ní yàrá wà, àfi tó bá fojú kan aláwọ̀ dúdú, yàrá á kàn ti kún. Ìdí nìyí tí Ṣólàńkẹ́ fi rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1929 sí 1932, tó ń kó owó jọ fún ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa gbé. Wọ́n ṣí ilé náà ní Camden Town ní 1933.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń lọ pọ̀ sí i. Kì í ṣe ọmọ olówó nìkan mọ́. Akọ̀wé àti olùkọ́ náà tu owó ọkọ̀ ojú omi jọ. Wọ́n á ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ní pósófíìsì tàbí rélùwéè, wọ́n á wọ kíláàsì lálẹ́. Owó nìkan kọ́ ni wọ́n fi san án. Láti àwọn ọdún 1950 lọ, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ tó tún ń kàwé fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní Kent, Sussex àti ibòmíràn, wọ́n ń sanwó ìtọ́jú, wọ́n ń lọ wo ọmọ bí àyè bá yọ. Àwọn ọmọ kan dàgbà láìgbọ́ Yorùbá, láìmọ oríkì ara wọn. Tí bàbá kan bá sọ fún wa pé òun jìyà ní Lọ́ńdọ̀nù kí òun tó di lọ́yà, ẹ jẹ́ ká rántí pé ọmọ lè ti bá a pín nínú ìyà yẹn.

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1962 ni nǹkan yí padà. Òfin tuntun lórí àwọn ará Commonwealth bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wọlé láìní in, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ẹnubodè ti ní agbára láti dá ọjọ́ fún un, kó sì fi ààlà sí iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ti pínyà nínú ìwé. Òfin 1971, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, tún fún okùn náà mọ́. Ní 1986, wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wá mọ́ láìkọ́kọ́ gba físà.

Bí wọ́n bá wá nílò wa, okùn á dẹ̀. Títí di 1999, akẹ́kọ̀ọ́ tó ríṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ gba àyè ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Lọ́dún náà, ìjọba Tony Blair, tó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè lójú méjèèjì, mú ìyẹn kúrò. Scotland, tó ń bẹ̀rù pé ènìyàn òun ń dínkù, fún àwọn tó gboyè níbẹ̀ ní ọdún 2 láti fi ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti 2005. Ní 2008, gbogbo Ìlú Ọba ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba mìíràn dé ní 2010. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2012, ilẹ̀kùn ti tì. Ẹni tó wọ fásitì ní 2010 pẹ̀lú ìrètí ọdún 2 yẹn jáde ní 2013, kò bá nǹkan kan.

Wọ́n tún ṣí i ní oṣù Keje 2021, wọ́n pè é ní Graduate visa: ọdún 2 fún oyè àkọ́kọ́ àti Masters, ọdún 3 fún ọ̀mọ̀wé. Àwọn ènìyàn wa rọ́ lọ tìyàwó tọmọ. Ni okùn bá tún ń fún. Ní oṣù Keje 2023, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi físà ìkàwé pààrọ̀ ti iṣẹ́ mọ́ kó tó parí ẹ̀kọ́. Láti oṣù Kìíní 2024, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ Masters kò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání, àfi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti ìwádìí. Ní 2025, wọ́n kéde pé ọdún 2 yẹn máa di oṣù 18 fún ẹni tó bá béèrè fún un láti ọjọ́ kìíní ọdún 2027.

Ṣé ẹ rí i? Òfin ọjọ́ tí ẹ wọ bàálù kọ́ ló máa dúró dè yín lọ́jọ́ tí ẹ bá gboyè. Yorùbá ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Àṣẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni. Ẹni tó ni ín ló ń gùn ún, òun náà ló ń gé e.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má japa o. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń lọ mọ ìwọ̀n ṣòkòtò náà. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni fún ẹni tó ń kàwé gboyè, 10 fún ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tó ti oyè. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú ni ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó ṣẹ́kù lọ́sẹ̀ yìí kò ṣeé gbé bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà ọlidé, ẹ lè ṣe é kún ọjọ́, àmọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn oní-Masters kì í sábà jẹ́ ọlidé, ìgbà iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ni. Iṣẹ́ àdáni kò sí: ẹ kò gbọdọ̀ máa dirun gbowó, ẹ kò gbọdọ̀ máa se jọ̀lọ́ọ̀fù tà. Òṣèré tó ń gbowó kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà kí akéwì bíi tèmi tètè wábi gbà.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Ní oṣù Kẹrin 2025, wọ́n fi owó iṣẹ́ tó kéré jù fún ẹni ọdún 21 sókè sí pọ́n-ùn 12.21 ní wákàtí kan. Ìlọ́po 20 rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 244.20 lọ́sẹ̀. Ẹ yọ owó yàrá, ẹ yọ oúnjẹ, ẹ yọ owó ọkọ̀, kí ẹ wá fi èyí tó kù síwájú owó ilé-ìwé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò.

Kí owó ilé-ìwé pé kí ilẹ̀ bàbá tó di títà. Èyí tí ẹ bá fi wákàtí 20 rí, ẹ fi jẹun.