Ẹ Má Pè É Ní Ìrànwọ́

"Àyípadà ojú ọjọ́" ni wọ́n ń pè é lórí rédíò. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbẹ̀ kan ní Ìpara, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Rẹ́mọ, yóò bi yín léèrè pé ọjọ́ wo ni ojú ọjọ́ kì í yí padà. Ohun tó ń ba tirẹ̀ jẹ́ ni pé àkọ́rọ̀ tàn án: ó rọ̀, àgbẹ̀ gbin àgbàdo, òjò bá wábi gbà, irúgbìn jóná mọ́lẹ̀. Kò ní kànga ẹ̀rọ, kò sì sí adójútòfò tí yóò dá owó irúgbìn padà fún un. "Ìdàrú ìgbà" ni èmi ì bá pè é. (Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, kò kúkú ṣìnà jìnnà.)

Ní ti wíwá ọ̀rọ̀ tó yẹ, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ kò bá wa dé ibí. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ló gbájú mọ́. Oníròyìn ló wá ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń ṣì í nígbà mìíràn. "Afẹ́fẹ́ olóró", fún àpẹẹrẹ. Kábọ̀n-dáyọ́kísáìdì tí à ń mí síta, tí ewé ẹ̀gẹ́ ń fà sára, ta ló fi oró sí i? Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé bó bá pọ̀ jù lófurufú, kì í jẹ́ kí ooru ráàyè jáde. Afẹ́fẹ́ adáoorudúró ló yẹ ẹ́. Ẹni tó gbọ́ "olóró" yóò máa wo èéfín ìyá tó ń yan gààrí, bẹ́ẹ̀ kábọ̀n-dáyọ́kísáìdì tí gbogbo Áfíríkà ń tú síta lọ́dún kò tó 4 nínú 100 ti àgbáyé.

"Ìfaradà" tí wọ́n ń lò fún bí èèyàn yóò ṣe gbé pẹ̀lú àyípadà yìí náà ń bí mi nínú. Tálákà ti fara dà á tó. Ìmúrasílẹ̀ sàn jù, nítorí a óò lè béèrè pé kí ni wọ́n fún un láti fi múra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni owó. Lọ́dún 2022, omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ní Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti dá àpò owó kan sílẹ̀ fún irú àdánù bẹ́ẹ̀. Kí la ó máa pe owó náà? Bí ewúrẹ́ ẹnì kan bá wọ oko ẹlòmíì ní Ìpara, tó jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán, owó gbà-máà-bínú ni eléwúrẹ́ ń san. Kò sẹ́ni tí yóò ní ó ṣe ìrànwọ́.

Ọ̀rọ̀ "gbà-máà-bínú" yìí gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ń sá fún. Ìpinnu tí wọ́n fi tẹ́wọ́ gba Àdéhùn Paris lórí àyípadà ojú ọjọ́ lọ́dún 2015 ti sọ ọ́ gbangba pé ẹsẹ tó sọ̀rọ̀ àdánù kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè gbà-máà-bínú. Nítorí náà, ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé àdéhùn kò gbọdọ̀ ki ohun tí kò sí níbẹ̀ bọ̀ ọ́: "owó àdánù àti ìbàjẹ́" ni kó kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìròyìn fún wa, bí ẹ bá ti dárúkọ owó náà tán, ẹ fi kún un pé gbà-máà-bínú ni àwọn tó jìyà béèrè, wọn ò fún wọn. Ẹ sáà má pè é ní ìrànwọ́.