Mọ́tò Oníkàn Tí Ihò Ọta Ìbọn Ṣì Wà Lára Rẹ̀

Kò sí oníṣòwò Àjàṣẹ́ kan tó ń ná ọjà Nàìjíríà tí kò mọ ojú ọkùnrin tí wọ́n yà sára bébà ogún náírà. Ọ̀gágun Murtala Muhammed ni. Ọdún 1977 ni wọ́n gbé bébà owó náà jáde, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ náà ni pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà l'Ékòó tó sún mọ́ ikú rẹ̀ ju bébà owó lọ, àwọn tó ń ti ìhín lọ ra ọjà ní Balógun sì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láì yà wò ó: mọ́tò tó jókòó sí nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Oníkàn.

Ìtàn mọ́tò náà kan Àjàṣẹ́ ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún 1976, Murtala sọ ìpínlẹ̀ 12 tó wà ní Nàìjíríà di 19. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ẹni tó bá gba Ìgólò jáde lónìí, tó sì dé Ìdí-Ìrókò, ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn ló tẹ̀. Ní ìhà ìhín náà, orúkọ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ra ni, nítorí ọjọ́ 30 oṣù Bélú ọdún 1975 ni Kérékou kéde pé Dahomey ti di Benin. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ni wọ́n pa ẹni tó dá a.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé. Murtala jáde nílé rẹ̀ ní Ìkòyí, ó ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní Dodan Barracks nínú Mẹ̀sídíìsì dúdú kan. Kò sí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ níwájú tàbí lẹ́yìn, kò sì sí fèrè tí ń lé ará ìlú kúrò lọ́nà. Bó ṣe máa ń rìn nìyẹn, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí rẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá wọn dúró bó ti ń dá gbogbo ènìyàn dúró. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun kan ti jáde sí wọn. Murtala kú, Lieutenant Akintunde Akinsehinwa tó ń bá a rìn kú, awakọ̀ náà kú. Dimka, olórí àwọn adìtẹ̀, lọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ṣùgbọ́n ìdìtẹ̀ náà kò mú ìjọba dé ọwọ́ wọn. Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ló gorí àléfà.

Ta ló wá ni mọ́tò náà? Ọkọ̀ iṣẹ́ ni, ti ìjọba ni. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó gbà á sílé ti ṣí láti ọdún 1957, àjọ tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀ fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló sì ń bójú tó o títí di òní. Ohun tó yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí ni pé wọn kò tún un ṣe. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ́tò dáadáa ní Wàndó lè wò ó kó ní, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó nìyí? Ká lu páànù, ká dí ihò, ká kùn ún, ká pààrọ̀ gíláàsì, yóò sì máa dán bí ọjọ́ tó wọ̀lú. Òótọ́ ni. Bí wọ́n bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, Mẹ̀sídíìsì àtijọ́ kan lásán ló kù, irú èyí tó pọ̀ káàkiri ayé.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Lincoln tí wọ́n ti yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy ní ọdún 1963, kì í ṣe ti ìjọba pàápàá. Ilé iṣẹ́ Ford ló ni ín, ìjọba ń háyà rẹ̀ ní 500 dọ́là lọ́dún. Lẹ́yìn ikú náà, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n fi irin tí ìbọn kì í wọ̀ sí i lára, wọ́n ṣe òrùlé tí kò ṣeé ká sí i, wọ́n tún un kùn, àwọn ààrẹ mìíràn sì ń gùn ún títí di 1977. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Henry Ford ní Dearborn báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ kò lè rí ọjọ́ náà lára rẹ̀. Ní Vienna, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ihò ọta ìbọn ọdún 1914 ṣì wà lára ọkọ̀ tí wọ́n ti pa Franz Ferdinand, àrólé ọba Ọ́stríà, ikú tó fa ogun àgbáyé àkọ́kọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìtúnṣe ni àìtọ́jú. Ó le ju títúnṣe lọ. Etí òkun ni Èkó wà bí Kútọnu, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kì í sì í fi irin sílẹ̀. Ihò tí ọ̀dà ti bó létí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dógùn-ún. Ọkọ̀ tí kò rìn mọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí igi tàbí irin kí táyà rẹ̀ má bàa tẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fa epo àti omi bátìrì kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa nu eruku láì fi ohun tó ń ha ara rẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́, ilé àwọn Àgùdà ni ìjọba àti onílé sábà máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lé lórí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agboolé wà tí Peugeot 404 bàbá àgbà ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò, tí adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Kí wọ́n tó pe akùnmọ́tò, tàbí kí wọ́n tó tà á fún àwọn oní-irin-àlòkù, akọ̀wé ìlú lè rán ènìyàn kan lọ ya àwòrán rẹ̀, kó bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó rà á, ọdún wo, ọ̀nà wo ló ń ná, kó sì wá káàtì gíríìsì rẹ̀ nínú àpótí ìyá àgbà kí eku tó jẹ ẹ́ tán.